Iná Òru Kì í Ṣe Ti Ọlọ́gbà Nìkan

Ẹ mú ọkọ̀ oníná méjì tí kò yàtọ̀ síra rárá ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan ń sùn nínú ọgbà ilé olówó rẹ̀, ó sì ń gba iná láti ọ̀gànjọ́ títí di ìdájí ní nǹkan bíi pẹ́nsì 7 sí 9 fún yúníìtì kan. Èkejì ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ títì nísàlẹ̀ ilé alájà púpọ̀, ó sì ń gba iná lára òpó iná ojú títì ní ohun tó lé ní pẹ́nsì 50. Bó bá jẹ́ ibùdó tí iná ti ń yára wọ ọkọ̀ ló lọ, owó náà á lé ní 70. Láti ara wáyà àdúgbò kan náà ni iná méjèèjì ti wá, òru kan náà ni wọ́n sì lò ó. Ohun tó mú ìyàtọ̀ wá ni pé ẹnì kan ní ọgbà, ẹnì kejì kò ní. Èrò tiwa ni pé owó iná òru tó rọjú jẹ́ ohun tó tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ló yẹ kó máa tẹ̀ lé, kì í ṣe ọgbà.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn èèyàn wa gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham, Camberwell, Old Kent Road àti Thamesmead ló wà nínú fúláàtì káńsù tàbí ilé tí wọ́n háyà, tí wọn kò ní ibì kan tí wọ́n lè pè ní àyè ọkọ̀ tiwọn. Àwọn kan nínú wọn ló ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́: awakọ̀ Uber àti Bolt, àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, tí wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láti àárọ̀ di alẹ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Transport for London ti pa á láṣẹ pé ọkọ̀ akérò aládàáni èyíkéyìí tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lè rin ìwọ̀n ọ̀nà kan láìtú èéfín. Fún irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ oníná kì í ṣe ohun afẹ́. Irinṣẹ́ ni, òfin ló sì fà á lé e lọ́wọ́.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ ká mọ ìdí tí iná òru fi rọjú, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí dúró lé. Iná mànàmáná kì í ṣe ọjà tó rọrùn láti kó sínú àká. Ẹ wo ìyá elẹ́fọ̀ọ́ tí ilẹ̀ ń ṣú bá lọ́jà: ó mọ̀ pé ẹ̀fọ́ náà á ti rọ kó tó di ọ̀la, nítorí náà á já owó rẹ̀ wálẹ̀ kó lè tà á tán. Aago mẹ́rin sí aago méje ìrọ̀lẹ́ ni iná máa ń wọ́n jù ní Ìlú Ọba, nígbà tí gbogbo ilé ń dáná lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọ̀gànjọ́ sí aago márùn-ún ìdájí, wáyà ń ṣòfò, atẹ́gùn sì ń yí àwọn ẹ̀rọ lójú òkun láìsí ẹni tí yóò lo gbogbo iná tí wọ́n ń pèsè. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ń sanwó fún àwọn ilé-iṣẹ́ oníná atẹ́gùn ní Scotland pé kí wọ́n dá ẹ̀rọ wọn dúró, nítorí pé wáyà tó yẹ kó gbé iná náà wá sí gúúsù kò lè gbà á tán. Ẹni tó bá lo iná nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ń ran gbogbo ìlú lọ́wọ́. Owó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe àánú, iye tó tọ́ sí ọjà náà nìyẹn.

Ìlú Ọba sì ti mọ èyí tipẹ́. Ọdún 1978 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Economy 7 bẹ̀rẹ̀: wákàtí méje lóru ní owó tó rọjú, pẹ̀lú mítà tó ń ka iná òru lọ́tọ̀, tó sì ń ka ti ọ̀sán lọ́tọ̀. Lára àwọn tó lò ó jù ni àwọn tó ń gbé fúláàtì tí páìpù gáàsì kò dé, tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé wọn móoru kún fún bíríkì tó ń mu ooru lóru, tó ń tú u sílẹ̀ lójú ọ̀sán. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá èèyàn ní ọgbà kó tó fún un ní iná òru. Mítà ni wọ́n béèrè, mítà ni wọ́n sì gbé wá. Ayálégbé tó wà ní àjà kẹwàá lè jẹ àǹfààní náà bí onílé tó ní gááréèjì. Nígbà tí ọkọ̀ oníná dé ni ọ̀nà náà wá dín, tó wá jẹ́ pé ẹni tí wáyà rẹ̀ bá gùn dé ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà nìkan ló ń gbà á kọjá.

Òǹkàwé wa ní ilé lè rí èyí bí ohun àjèjì, nítorí pé ní Nàìjíríà, iye wákàtí tí iná fi wà lójúmọ́ ni wọ́n fi ń pín owó, kì í ṣe wákàtí tí èèyàn lò ó. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ iná níbẹ̀, sọ yúníìtì kan di náírà 225 fún àwọn oníbàárà Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024, iná fún ogún wákàtí ni wọ́n fi ṣèlérí. Ẹni tó lò ó lọ́sàn-án àti ẹni tó lò ó lóru, iye kan náà ni wọ́n san. Òfin Iná ti ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára báyìí láti máa darí ọ̀rọ̀ iná tiwọn, Èkó, Oǹdó, Èkìtì, Ògùn àti Ọ̀yọ́ sì ti tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ NERC. Àwọn tó ń kọ ìlànà níbẹ̀ láǹfààní láti wo àṣìṣe Ìlú Ọba kí ọkọ̀ oníná tó pọ̀ lójú títì tiwọn.

Ní Ìlú Ọba, ibi tí ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ ti ń ṣì í ni pé owó òru nìkan ni wọ́n ń fi wé ara wọn. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta iná, Octopus ń polówó tirẹ̀, E.ON, EDF, British Gas àti OVO náà ń polówó tiwọn, nọ́ńbà kékeré kan ni wọ́n sì máa ń kọ gàdàgbà: 7, 8 àbọ̀, 9. Ẹni tó bá rí 7 á gbà pé òun ti rí èyí tó rọjú jù. Bẹ́ẹ̀ owó òru kì í ṣe owó ilé. Ilé ní fírísà tí kì í sinmi, ó ní sítóòfù tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó sì ní àwọn ọmọ tí wọ́n ń dé láti ilé ẹ̀kọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́rin, tí wọ́n sì ń tan gbogbo ohun tó ṣeé tàn. Ilé-iṣẹ́ tó bá dín owó òru kù sábà máa ń fi nǹkan lé owó ọ̀sán, iye tí ó sì fi lé e yàtọ̀ láti ilé-iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ àti láti àgbègbè sí àgbègbè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ọdún 2025, òdiwọ̀n tí Ofgem, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì, fi lélẹ̀ fún ilé tí kò sí lórí ètò àkànṣe kankan jẹ́ pẹ́nsì 26.35 fún yúníìtì kan ní ìpíndọ́gba, tọ̀sán-tòru. Owó ojoojúmọ́ tó jẹ́ pẹ́nsì 53.68 wà lọ́tọ̀. Ofgem kan náà ló ka yúníìtì 2,700 lọ́dún sí ìwọ̀n tí ilé tó wà ní agbedeméjì máa ń lò. Ọkọ̀ tó bá rin máìlì 8,000 lọ́dún, tí yúníìtì kan ń gbé e rin máìlì mẹ́ta àbọ̀, á fẹ́ nǹkan bíi 2,300 lé e, àpapọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ 5,000. Lórí òdiwọ̀n Ofgem, £1,317 ni yóò san, láìka owó ojoojúmọ́. Ká ní onítọ̀hún bọ́ sórí ètò tó ń gba pẹ́nsì 8.5 lóru àti 29 lọ́sàn-án, tí ìdá kan nínú márùn-ún iná ilé rẹ̀ bọ́ sí òru, tí ọkọ̀ sì ń gba gbogbo tirẹ̀ lóru, owó náà á wálẹ̀ sí £868. Nǹkan bíi £450 ló jèrè lọ́dún, ìyẹn kì í sì í ṣe owó kékeré fún ìdílé kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé mìíràn, irú èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́rin, àti ìyá àgbà tó wá bá wọn tọ́jú ọmọ láti ilé. Ofgem ka yúníìtì 4,100 lọ́dún sí ìwọ̀n ilé tó ń lo iná púpọ̀. Ká sọ pé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni wọ́n ń lò lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ wọn kò sì rìn ju máìlì 2,000 lọ lọ́dún, nítorí ọjà, ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń lọ. Lórí òdiwọ̀n Ofgem, £1,231 ni wọ́n á san. Bí wọ́n bá sáré bọ́ sórí ètò tó ń gba 7 lóru àti 32 lọ́sàn-án, wọ́n á san £1,250, wọ́n sì ti pàdánù nìyẹn. Bí wọ́n bá yan èyí tó ń gba 8.5 lóru àti 29 lọ́sàn-án, £1,154 ni, wọ́n sì jèrè. Àpẹẹrẹ la fi àwọn owó yìí ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò jìnnà sí ohun tó wà lọ́jà. Fún ìdílé yìí, ètò tí owó òru rẹ̀ ga ló sàn, owó ọ̀sán ló sì dá ẹjọ́ náà. Ẹni tó bá ní smart meter ní ohun tó lè fi ṣe ìṣirò tirẹ̀, nítorí ó ń kọ iná ilé sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ó gba àkọsílẹ̀ ọdún kan, kí ó ya òru sọ́tọ̀, kí ó ya ọ̀sán sọ́tọ̀, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni.

Ètò kan wà láàárín wọn tó yẹ ká dúró tì díẹ̀, nítorí ó fi hàn pé ohun tí à ń béèrè fún ṣeé ṣe. Nínú Charge Anytime tí OVO ń tà, iná tó bá wọ inú ọkọ̀ nìkan ni wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Ní ọdún 2024 pẹ́nsì 7 ni, iná tó kù nínú ilé sì dúró lórí owó tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ń bá ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìṣáàjì sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń yan àkókò tí iná pọ̀ tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀, ó sì ń ya iná ọkọ̀ sọ́tọ̀ nígbà tí owó bá tó san. Intelligent Octopus Go náà ń darí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ń fi wákàtí mẹ́fà òru, láti aago 11:30 alẹ́ sí 5:30 ìdájí, ṣe owó pọ́ọ́kú fún gbogbo ilé. Ohun tí OVO ṣe fi yé wa pé ẹ̀rọ ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ̀ àti ilé. Bí owó bá lè ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára fírísà nínú ilé kan ṣoṣo, kí ló wá dé tí kò fi lè tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dé ìdí òpó iná tó wà ní ìgbọ̀nwọ́ mélòó kan sí ẹnu ọ̀nà?

Ẹ wá wo ohun tí ẹni tí kò ní ọgbà ń san. Bí yúníìtì kan bá ń gbé ọkọ̀ rin máìlì mẹ́ta àbọ̀, ẹni tó ń gba iná ní 8.5 lóru ń ná nǹkan bíi pẹ́nsì 2.4 lórí máìlì kan. Ẹni tó ń gbà á ní 54 lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń ná 15.4. Ẹni tó ń gbà á ní 76 níbi iná ayára ń ná bíi 22. Ọkọ̀ oní-bẹntiróòlù tó ń rin máìlì 40 lórí gálọ́ọ̀nù kan, bí lítà bá jẹ́ pẹ́nsì 135, ń ná bíi 15. Ìtumọ̀ èyí ni pé wọ́n rọ ọlọ́gbà láti kúrò lórí epo, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn ńlá pé ó gbà. Wọ́n rọ ayálégbé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òun kò rí èrè kankan, nígbà mìíràn ó tún ń pàdánù. Awakọ̀ akérò tó ń rin máìlì 25,000 lọ́dún, tó sì jẹ́ pé níbi iná ayára nìkan ló ti ń gbà á ní 76, á ná ohun tó lé ní £5,400. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní ọgbà, tó ń gbà á ní 7, á ná £500. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe, àpò kan náà ni iye tí èrò ń san fún wọn ti ń wá, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra ilé ọlọ́gbà ló sì ń san púpọ̀ jù.

Apá kan ìyàtọ̀ yìí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú wáyà tàbí òpó. Ìjọba ló dá a sílẹ̀. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT, ìyẹn owó orí ọjà, tí wọ́n ń gbà lórí iná ilé, ìdá 20 sì ni èyí tí wọ́n ń gbà lórí iná ojú títì. Wọ́n ka iná ilé sí ohun kòṣeémánìí, ìyẹn ni wọ́n ṣe dín ti ilé kù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná kan náà bá ti wọ inú bátìrì, kò sí ìwà kòṣeémánìí kan tó kúrò lára rẹ̀ nítorí pé òpó ló gbà wá. Ẹni tó ń ra yúníìtì 2,300 lọ́dún ní 54 lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á fi bíi £155 pamọ́ bí VAT rẹ̀ bá bá ti ilé dọ́gba, bí àwọn tó ń tà á bá gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ti awakọ̀ akérò tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè á tó bíi £680. A kò mọ ẹ̀rí kankan tí ìjọba mú wá tó fi hàn pé ó tọ́ kí fúláàtì san owó orí ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ilé ọlọ́gbà ń san lórí iná ọkọ̀.

Àwọn tó ń ta iná ní ojú títì á dáhùn pé kò dọ́gba láti fi tiwọn wé ti ilé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀. Àwọn ló ń gbẹ́ títì, àwọn ló ń sanwó kí wọ́n tó so wọ́n mọ́ wáyà àgbègbè, òfin Ìlú Ọba ti ọdún 2023 sì ti fi dandan lé àkọsílẹ̀ owó tó ṣe kedere ní pẹ́nsì fún yúníìtì kan, àti pé kí ẹ̀rọ iná ayára wọn máa ṣiṣẹ́ ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò. Ẹni tó fi ẹ̀rọ sí ara ògiri ilé rẹ̀ kò ní irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. A kò retí pé kí wọ́n ta iná ní pẹ́nsì 7, irọ́ sì ni ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀ ń pa fún ayálégbé. Ohun tí à ń sọ ni pé iye tí àwọn fúnra wọn ń ra iná ń lọ sílẹ̀ lóru, ó sì yẹ kí ẹni tó bá gbà á ní aago méjì òru rí i nínú owó tó san. Àwọn kan lára wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó òpó iná kù láti ọ̀gànjọ́ dé ìdájí, ó sì ń ṣiṣẹ́, nítorí ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kì í lọ síbì kankan títí ilẹ̀ fi mọ́. Kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo wọn? Òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2022 ti pàṣẹ pé ẹ̀rọ ìṣáàjì tuntun fún ilé àti ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí a ti tò láti ilé-iṣẹ́ kó yẹra fún aago 8 sí 11 àárọ̀ àti aago 4 sí 10 alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, àyàfi bí olówó rẹ̀ bá yí i padà. Wọ́n yọ ẹ̀rọ ojú títì kúrò nínú òfin náà. Ó yé wa fún iná ayára, nítorí ẹni tó wà lójú ọ̀nà ìrìn àjò kò lè dúró de òru. Kò yé wa fún òpó tí ọkọ̀ ń sùn sí.

Àwọn mìíràn á ní ilé tí kò ní ọkọ̀ ló ń gbé ẹrù owó òru, pé wọ́n ń gba owó iná ọ̀sán lọ́wọ́ tálákà láti fi ṣe olóore fún olówó ọkọ̀. Bí owó òru bá jẹ́ ẹ̀bùn lásán, à bá fara mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n yúníìtì tí wọ́n tà lóru jẹ́ èyí tí kì bá rí ẹni rà á, ó sì ń gba orí wáyà tí a ti kọ́ nítorí ìrọ̀lẹ́. Bí iná tó ń gba ara wáyà kan náà bá ṣe pọ̀ sí i láìfi kún ẹrù ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni owó wáyà náà ṣe ń pín káàkiri ọ̀pọ̀ yúníìtì, ẹni tí kò ní ọkọ̀ sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ẹrù gidi á wá bí gbogbo ọkọ̀ bá ń gba iná ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń gba iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí kò rí ìdí kankan láti dúró de òru, kò sí ohun tí kò ní jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé fífi owó òru dé ọ̀dọ̀ ayálégbé á ṣe gbogbo ìlú láǹfààní, títí kan ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì.

Èyí tó bà wá lọ́kàn jẹ́ jù nínú àwọn àtakò náà ni èyí tó ní kí ẹni tí kò ní ọgbà má ra ọkọ̀ oníná. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìdílé Ìlú Ọba ni kò ní àyè ọkọ̀ tó kúrò lójú títì, ní àárín Lọ́ńdọ̀nù wọ́n sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìjọba kan náà ti ní kí títa ọkọ̀ tuntun tó ń lo epo nìkan dópin ní ọdún 2030. Wọ́n sì ti fi dandan lé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ pé kí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń tà ní 2024 má tú èéfín rárá, kó di 33 ní 2026, kó sì dé 80 ní 2030. Ẹni tí wọ́n bá ní kó dúró lónìí, lọ́la ni wọ́n á ní ó pẹ́. Awakọ̀ akérò kò tilẹ̀ láàyè láti dúró.

Káńsù ní iṣẹ́ tiwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ náà kò sì le. Ní oṣù keje ọdún 2025, ìjọba ya £25 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ kí àwọn káńsù lè gbẹ́ ojú ihò tóóró kan kọjá ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tí wáyà á gba inú rẹ̀ láti ilé dé ara ọkọ̀ láìgbé ẹnikẹ́ni ṣubú. Ẹni tó ń gbé ilé alásopọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì á tipa bẹ́ẹ̀ rí owó òru gbà láti inú ilé tirẹ̀, pẹ̀lú VAT ìdá 5. A gbóríyìn fún èyí, a sì rọ àwọn káńsù tó ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀ nítorí ìwé àṣẹ àti owó ìbéèrè kí wọ́n jẹ́ kó yá. Ṣùgbọ́n kò ní wúlò fún ẹni tó wà ní àjà kẹrin. Òpó iná nìkan ló kù fún un, àti £381 mílíọ̀nù tí ìjọba ti là kalẹ̀ lábẹ́ ètò LEVI fún ẹ̀rọ ìṣáàjì ní àdúgbò káàkiri England. Káńsù ló ń fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ tó máa fi owó náà kọ́ ẹ̀rọ. Inú àdéhùn yẹn ló yẹ kí owó òru wà. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i láìsí i, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa kọjá kí wọ́n tó tún rí àyè bẹ́ẹ̀.

Ilé ìṣúra ìjọba ló kù, ẹ̀rù tiwọn sì yé wa. Lórí lítà epo bẹntiróòlù kọ̀ọ̀kan, pẹ́nsì 52.95 ni wọ́n ti ń gbà bí owó orí láti oṣù kẹta ọdún 2022, bí epo sì ṣe ń dínkù ni owó náà ń lọ. Nítorí èyí ni Rachel Reeves, mínísítà ètò ìnáwó, fi kéde ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé láti oṣù kẹrin ọdún 2028, ọkọ̀ oníná yóò máa san pẹ́nsì 3 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. A kò lòdì sí i pé kí ẹni tó ń lo títì san nǹkan fún títì. Ẹ kàn wo bí yóò ṣe bà lé olúkúlùkù. Ọlọ́gbà tó ń ná pẹ́nsì 2.4 lórí máìlì á di 5.4, ó ṣì rọjú ju epo lọ fíìfíì. Ẹni tó ń ná 15.4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á di 18.4, èyí tó ga ju epo tí wọ́n ní kó kọ̀ sílẹ̀ lọ. Awakọ̀ akérò tó ń rin máìlì 25,000 á fi £750 lé ohun tó ti ń san, yóò sì tún máa san VAT ìdá 20 lórí iná rẹ̀. Owó orí méjì ni wọ́n ń kó lé e lórí, ọ̀kan lórí iná, ọ̀kan lórí ọ̀nà, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 5 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọlọ́gbà lórí iná kan náà.

Nítorí náà, àwọn tó ń darí ilé ìṣúra kò lè sọ mọ́ pé àwọn kò lè dín VAT ojú títì kù nítorí owó epo tó ń sá lọ. Wọ́n ti rí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dá owó náà padà, àwọn fúnra wọn ló dárúkọ rẹ̀. Owó máìlì yìí á máa tọ ọkọ̀ lẹ́yìn níbikíbi tó bá sùn sí, ó sì yẹ kí iná òru náà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kí òfin owó máìlì tó gba ilé aṣòfin kọjá, kí àwọn aṣojú láti Camberwell, Peckham, Woolwich, Barking, Tottenham àti gbogbo ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń dìbò, fi àtúnṣe kan sínú rẹ̀: pé owó máìlì kò ní bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2028 lórí ọkọ̀ kankan, àyàfi bí VAT lórí iná ojú títì bá ti wálẹ̀ sí ìdá 5 ṣáájú ọjọ́ náà.